Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tò Sílẹ̀

Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ aláṣọ ló ń fọ̀, aṣọ aláṣọ ló ń lọ̀, òun ló sì fi tọ́ mi dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí màmá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ ọmọ tọ́. Wọ́n kàn gbé mi fún un bí ẹni gbé ẹrù lé aláàárù lórí.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, mo sá kúrò. Ó nà mí, ó bẹ̀ mí, ó tún nà mí. Nígbà tó rí i pé kò wọlé, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ akunlé kan pé kí n kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Tí o ò bá lè kọ nǹkan sínú ìwé, lọ kùn ún sára ògiri." Akunlé ni mí dòní. Òun ló ń pè mí ní Ọlọ́dà.

Ó ti kú. Àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀ ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Irọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó lè bú èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́ kó má tún èébú kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Yàrá méjì la ń gbé, èmi, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì. Yàrá iwájú ni ibi iṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ kúbùsù àtijọ́ lé, agbọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀, ooru sì máa ń mú níbẹ̀ bí inú ààrò. Ẹ̀yìnkùlé ni okùn aṣọ wà, ìlà mẹ́rin. Àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá. A ń pè é ní Àgbà nítorí ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ìyá arúgbó. Ọkùnrin ni ìkejì, ọmọ ọdún méje. Lọ́yà là ń pe ìyẹn. Ẹ ò ní pẹ́ mọ ìdí.

Bàbá wọn ní òun ń lọ wá iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ó gbé báàgì kan. Ó ti pé ọdún márùn-ún báyìí.

Bàbá wọn yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ilé oúnjẹ ńlá ló ní, nítòsí ibùdókọ̀. Obìnrin náà ga, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń pàṣẹ fún ogún èèyàn. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí lójú rẹ̀. Tó bá ti kẹ̀yìn sí wọn, Ṣájẹ́ǹtì ni. Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó kẹ́yìn nínú ọlidé gígùn, ó máa ń wá wo àwọn ọmọ. Á wo èékánná, á wo etí, á wo ìwé èsì. Tó bá fẹ́ máa lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ.

"Ìyàwó, ọmọ wa ni wọ́n o. Ọjọ́ tí apá rẹ ò bá ká wọn mọ́, sọ̀rọ̀. Obìnrin á wá sọ́dọ̀ mi, ọkùnrin á lọ bá àbúrò mi."

Awakọ̀ ni àbúrò rẹ̀ yẹn. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni ilé rẹ̀ sí tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi á kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Apá mi ṣì ń ká wọn." Tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, á pòṣé tó gùn bí okùn aṣọ.

Èyí tí mo fẹ́ sọ ni ti ọlidé tó kọjá, èyí tó ṣe kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé ìwé, ó ya ẹ̀gbẹ́ kan lára páálí ọṣẹ, ó fa ìlà sí i, ó kọ nǹkan sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá iwájú. Àwọn ọmọ ò tíì bọ́ aṣọ ilé ìwé.

Lọ́yà ní, "Màámi, kí lèyí?"

"Ọlidé yín ni."

"Ọlidé wo ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Èyí tí kò ní sá lọ."

Ó kà á fún wọn. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, iṣẹ́ ni. Olúkúlùkù ló ní tiẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán títí oòrùn á fi rọlẹ̀, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Àyè.

"Kí la máa ṣe nínú Àyè?"

"Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ò rán ẹ."

"Tí mo bá fẹ́ sùn ńkọ́?"

"Sùn."

"Tí mo bá fẹ́ máa wo òrùlé ńkọ́?"

"Wò ó, bá mi kí i."

"Tí mo bá fẹ́ jáde ńkọ́?"

"Má kọjá géètì. Tí o bá kọjá ẹ̀, mo máa gbọ́."

"Ta ló máa sọ fún yín?"

"Géètì."

Àgbà ti ń fi ìka tọ ìlà lọ. Ó dúró níbì kan. Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, orúkọ yín wà níbí o. Túsìdè, Ọlọ́dà ń dáná. Fúráìdè, Ọlọ́dà ń di irun Àgbà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ṣé èmi náà wà nílé ìwé ni?"

Ó ní, "Ìwé mẹ́rin lo ti sá. Ọlidé tìẹ ti gùn ju tiwọn lọ. Ó ti tó kó o wọlé."

Àwọn ọmọ fi mí ṣe ẹ̀rín títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé èèyàn. Lọ́dọ̀ rẹ̀, aṣọ kì í kúrò lórí okùn kó bọ́ sábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Tó bá ti gbẹ, á wọ́n omi sí i, á ká a bí ẹní, á fi aṣọ gbígbẹ wé e, á gbé e sínú agbọ̀n. Ó ń pe ìyẹn ní kí aṣọ sinmi. Wákàtí méjì, ó pẹ́ tán mẹ́ta. Láàárín ìgbà yẹn, omi á rìn kárí. Ẹni tó bá kánjú lọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ á gbẹ, ojú ìránpọ̀ rẹ̀ á ṣì tutù, á sì hunjọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ báyìí. Àgbà ń kọ́ aṣọ lílọ̀. Aṣọ ìrọ̀rí ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́yà ń kọ́ àmì. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní òwú tiẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi abẹ́rẹ́ rán sínú kọ́là, kí aṣọ má bàa dàpọ̀. Pupa ni ti nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní àdúgbò wa. Búlúù méjì ni ti olùkọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà ti mọ gbogbo ẹ̀ lórí, ó sì ti ń bi oníbàárà léjọ́. "Ṣé ó dá yín lójú pé tiyín ni? Kí lẹ̀rí yín?"

Èmi ń dáná. Ìrẹsì mi àkọ́kọ́ jóná nísàlẹ̀, kò jinná lókè. Lọ́yà ní òun ò tíì rí ẹjọ́ tó ní ìhà méjì báyìí rí. Ní Fúráìdè, mo mú kóòmù, mo dorí kọ Àgbà. Mo fà á, ó pariwo.

"Bọ̀dá! Orí ni o, kì í ṣe ògiri!"

Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn.

Ọ̀sán Sátidé ló pè mí sẹ́yìnkùlé. Àyè ni, àwọn ọmọ wà nínú ilé. Ó jókòó sórí ìkòkò tó dojú dé. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mo wà dáadáa lórí ìdúró. Ó ní, "Jókòó, o ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́."

Mo jókòó.

"Mo ti rí dókítà lẹ́ẹ̀mẹta. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀."

Mo ní, "Àwọn kan máa ń bọ́ nínú ẹ̀."

"Àwọn kan. Mo bi í bóyá mo wà lára àwọn kan yẹn. Ó ń wo bàtà ẹ̀."

Ẹyẹ kan bà lé okùn. Ó wò ó títí ó fi fò lọ.

"Gbọ́ mi. Ọmọ méjì ni mo bí. Inú ilé kan náà ni kí wọ́n máa gbé. Nǹkan mìíràn ò sí tí mò ń tọrọ mọ́. Ṣájẹ́ǹtì ń bọ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn. Mo fẹ́ kó bá ilé tó ń lọ geere láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀. Mo fẹ́ kó rí ìwọ. Kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé kí wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹ."

"Obìnrin yẹn ò kà mí sí èèyàn."

"Ìdí nìyẹn tí a fi ní ọ̀sẹ̀ méje. Ó ti ku mẹ́fà."

Ó ní kí n má sọ fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n jẹ ọlidé wọn.

Mo padà sínú ilé, mo tún páálí yẹn kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kan ò dà bí eré lójú mi mọ́.

Ẹ má rò pé inú ìbànújẹ́ la wà lójoojúmọ́. Òun ò gbà. Àárọ̀ ń lọ bí aago. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo ilé á dákẹ́. Àgbà á máa ya ilé sórí ìwé, ilé tó ní fèrèsé mẹ́wàá. Lọ́yà sọ abẹ́ tábìlì di kọ́ọ̀tù. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ́jọ́ pé ó jẹ búrẹ́dì òun.

"Ẹlẹ́jọ́, ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

"Ebi ń pa mí."

"Mi ò bi ẹ́ nípa ebi!"

Màmá wọn gbóhùn látorí ẹní. "Adájọ́ àgbà, ẹ ṣíjú àánú wo ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni yín."

Lọ́yà dá a lẹ́bi. Ó ní kó gbé òun pọ̀n yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta.

Ara tèmi ni kò gba Àyè. Tí gbogbo ilé bá ti dákẹ́ báyẹn, mo máa ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń mí. Mo máa ń kà á. Mo máa ń dìde, màá lọ gbá ibi tí wọ́n ti gbá.

Nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìrora náà le. Mọ́ńdè ni mo mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n dá a dúró. A sọ fún àwọn ọmọ pé inú ló ń yọ Màámi lẹ́nu, wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí n tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà lórí okùn, funfun márùn-ún, ó ti gbẹ. Mo ní kí n ṣe bí ọkùnrin. Mo ká a wálẹ̀, mo wọ́n omi sí i, mo ká a pọ̀ dáadáa, mo fi ọ̀rá wé e, mo so ó.

Àgbà ń wò mí. "Bọ̀dá, Màámi kì í fi ọ̀rá wé e. Aṣọ ni wọ́n máa ń lò."

"Ọ̀rá ló ń dá omi dúró."

"Ṣé kí n bá yín lọ̀ ọ́ tó bá dọ̀sán?"

"Má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù tí màámi ẹ ò bá sí nílé. Ṣé o fẹ́ dáná sunlé ni?"

Ó mú ìgbálẹ̀, ó jáde.

Ẹ wo ibi tí mo ti ṣìnà. Akunlé ni mí. Ọ̀dà tí èèyàn bá dé pa dáadáa, oṣù mẹ́ta, ó ń dúró dè ẹ́. Ó rí bó o ṣe fi í sílẹ̀. Mo rò pé aṣọ tútù náà rí bẹ́ẹ̀, pé tí afẹ́fẹ́ ò bá ti wọ̀ ọ́, kò séwu. Mo gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá iwájú. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, mo lọ síbi iṣẹ́, mo padà sí ilé ìwòsàn. Túsìdè lọ, Wẹ́sìdè lọ. Mi ò rántí pé aṣọ kan wà láyé.

Ọ̀sán Tọ́sìdè ni ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ṣájẹ́ǹtì ni. Sátidé tirẹ̀ ṣì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ó wọlé. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tá a ní. "Ìyàwó dà?"

"Wọ́n wà ní ọsibítù, mà."

"Mo ti gbọ́. Ẹni tó rí i ló sọ fún mi. Ṣé èmi ló yẹ kí n gbọ́ lẹ́nu èrò ọjà?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń wo ilé ká. Ilẹ̀ mọ́. Páálí wà lára ògiri, ó dìde, ó kà á tán. Àgbà gbé omi wá, ó gbé ẹ̀wà tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè wá. Ṣájẹ́ǹtì tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Lọ́yà ka gbogbo àmì òwú fún un láì sinmi. Ṣájẹ́ǹtì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Mò ń sọ nínú ara mi pé, ó ń lọ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń lọ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì bá wọlé.

"Ẹ káàsán o. Mo wá kó aṣọ mi. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ òní."

Mo lọ sí kọ̀rọ̀, mo fa ọ̀rá jáde, mo tú u. Òórùn kọ́kọ́ jáde. Òórùn abẹ́ ilẹ̀ tí oòrùn ò dé rí. Mo na àkọ́kọ́. Ó ti bu. Àmì dúdú tóótòòtóó, láti kọ́là dé etí ìsàlẹ̀. Gbogbo márààrún.

Nọ́ọ̀sì ní, "Kí lèyí? Ṣé inú ihò lẹ ti lọ hú u ni? Ọ̀gbẹ́ni, mo ní kí lèyí?"

Mo di aṣọ náà mú bí ẹni di òkú adìẹ mú.

Àgbà ló bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wa. Òroǹbó kíkan àti iyọ̀ la máa fi pa á, a máa sá a sóòrùn, ọjọ́ méjì, á lọ. Èyí kan wà níbí tí ẹ kó wá lánàá, mo ti fọ̀ ọ́, ó ti gbẹ. Mo máa lọ̀ ọ́ fún yín báyìí. Ẹ jókòó díẹ̀. Lọ́yà, lọ ra iyọ̀."

Lọ́yà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ sọ tiẹ̀ kó tó lọ. "Bọ̀dá ló ní ká má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù o! Àgbà ì bá ti lọ̀ ọ́ láti Mọ́ńdè. Mo lè búra."

Àgbà tan áyọ́ọ̀nù. Kọ́là ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí èjìká, ó bọ́ sí apá. Kò kánjú. Ó ń fi omi ìka wọ́n ibi tó bá gbẹ jù. Bí màmá rẹ̀ ṣe ń tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ṣe tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì gba aṣọ náà, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní, "Ó dáa." Ó wò mí, ó pòṣé, ó lọ.

Mo yíjú sí Ṣájẹ́ǹtì. Kò wò mí rárá. Ọwọ́ Àgbà ló ń wò.

Ó ní, "Ọmọ yìí ti tó iṣẹ́ í ṣe."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ kí wọ́n má bàa mú un lọ. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ mú un lọ. Ilé oúnjẹ Ṣájẹ́ǹtì ń wá ọwọ́ tó mọ́, tó yára, tí kò ní ṣe àwíjàre. Ó sì ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sílé ní ọjọ́ kejì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mò ń retí kó bú mi. Ó ní, "Ọ̀rá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ìbá sàn kó bú mi.

Sátidé tó kẹ́yìn pé. Ó ní kí n gbé òun jókòó, kí n fi ìrọ̀rí ti òun lẹ́yìn, kí n wé gèlè fún òun kó má bàa dà bíi pé òun ń ṣàìsàn. Mo wé e. Kò dúró. A rán àwọn ọmọ sẹ́yìnkùlé.

Ṣájẹ́ǹtì dé. Nígbà tó rí i, ojú ẹ̀ yí padà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò jókòó sórí àga.

"Ìyàwó."

"Mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà papọ̀."

"Èmi kì í ṣe ọ̀tá ẹ."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà papọ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi."

"Èyí tó wà níbí yìí? Aṣọ ọjọ́ mẹ́ta bọ́ sí i lọ́wọ́, ó bu. Ọmọ méjì lo fẹ́ kó fún un?"

Mo tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n gbé òun náà fún mi. Èmi náà jó aṣọ. Ó lọ́dún tí mo jó mẹ́fà."

"Obìnrin ni ẹ́."

"Ṣé áyọ́ọ̀nù mọ obìnrin ni?"

Ṣájẹ́ǹtì mi orí. Kò bínú. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé kò bínú. Ó ní òun ò lè kó ọmọ ilé wọn sílẹ̀ fún ọkùnrin tí kò níyàwó, tó ń gun àkàbà láti àárọ̀ dalẹ́. Àgbà á bá òun lọ, á máa lọ sílé ìwé, á máa ran òun lọ́wọ́. Ọkùnrin á lọ sọ́dọ̀ awakọ̀. Ó ní bó ṣe máa rí nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Àgbà wọlé. Ó ti ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ṣájẹ́ǹtì.

"Àǹtí, mo máa bá yín lọ."

Ṣájẹ́ǹtì yíjú sí i.

"Mo máa bá yín lọ, mo máa ṣiṣẹ́, mi ò ní sunkún. Ṣùgbọ́n kí Lọ́yà wà lọ́dọ̀ Bọ̀dá. Tí wọ́n bá mú un lọ sọ́dọ̀ awakọ̀, mi ò ní ṣe nǹkan kan lọ́dọ̀ yín. Ẹ lè nà mí. Mo máa jókòó sójú kan ni."

Màmá rẹ̀ ní, "Ta ló rán ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi."

Ṣájẹ́ǹtì wò ó títí. Mo rí i pé ó mọ̀ pé ọmọ náà á ṣe bó ṣe wí. Ó ní, "Ó dáa. Kì í ṣe lónìí. Ó dìgbà tí..." Ó dúró níbẹ̀.

"Ó dìgbà tí mo bá kú," ẹ̀gbọ́n mi ló parí ẹ̀ fún un. "Ẹ sọ ọ́ jáde, mà. Wọ́n ti gbọ́."

Lọ́yà ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yọ orí. "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nígbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Kì í ṣe lónìí."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ẹjọ́ yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn." Ó lọ wọ abẹ́ tábìlì, kò jáde títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kú ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn tí ilé ìwé wọlé. Àárọ̀ Wẹ́sìdè ni. Mo wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀, kí n lọ ká aṣọ. Òjò ò rọ̀. Mo lọ wò ó, nígbà tí mo máa fi padà, ó ti lọ. Ọdún márùndínlógójì ló lò láyé. Mò ń ronú pé kò sí ọdún kan nínú ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi fún un, tí kò fọ aṣọ ẹlòmíràn.

Ṣájẹ́ǹtì wá mú Àgbà ní ọjọ́ kẹjọ. Àgbà mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ, kò sunkún. Lọ́yà wà lọ́dọ̀ mi. Mò ń fọ aṣọ láàárọ̀, mò ń kunlé lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ṣì ń kó aṣọ wá. Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun fi ń kó o wá.

Nígbà tí ọlidé tọdún yìí dé, mo lọ sí ilé oúnjẹ náà láti bẹ Ṣájẹ́ǹtì pé kí Àgbà wá lo ọ̀sẹ̀ méje lọ́dọ̀ wa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àgbà gbé àwo mẹ́fà sọ́wọ́ kan, ó ń gba àárín àwọn èèyàn kọjá. Ó ti ga. Ara rẹ̀ dá, wọn ò lù ú, ó ń lọ sílé ìwé. Mi ò ní purọ́ mọ́ obìnrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ̀yin mélòó?" Ó sọ ọ́ tán kó tó rí i pé èmi ni.

Ṣájẹ́ǹtì fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní èrò pọ̀ lásìkò yìí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, Àgbà sùn títí di ọ̀sán. Lọ́yà jókòó tì í, ó ń lé eṣinṣin. Fún bí ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí àlejò. "Jọ̀ọ́." "Ó ṣeun." Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n jà nítorí ọṣẹ, Àgbà gbá Lọ́yà létí, Lọ́yà pariwo pé òun á pè é lẹ́jọ́. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mo di okùn mú, mò ń sunkún bí òpònú. Inú mi dùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé lọ́la. Aago mẹ́wàá ni Ṣájẹ́ǹtì ní òun máa dé. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò ní wá síbi iṣẹ́. Àgbà ti di ẹrù ẹ̀ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó rán an. Ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó lọ bu omi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Àgbà nígbà tó fi ara ẹ̀ gba àbúrò ẹ̀ sílẹ̀. Èmi ti pé mẹ́tàlélógún, mi ò tíì la ẹnu. Lọ́la, màá ní kí Ṣájẹ́ǹtì fi Àgbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Á béèrè ohun tí mo ní. Mo ní yàrá méjì, mo ní iṣẹ́ méjì, ọdún kan rèé tí ọmọ kan ti wà lọ́dọ̀ mi, kò bu. Bóyá ìyẹn ò tó. Òun náà ni mo máa sọ, tó bá kọ̀ ọ́, màá tún un sọ.

Mo ti tú báàgì náà. Mò ń to aṣọ ẹ̀ padà sórí pẹpẹ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbà gbé omi wọlé, ó rí mi. Ó sọ korobá kalẹ̀, ó dúró, ó ń wo ọwọ́ mi.